Awakọ̀ Ààrẹ àti Ìyàwó Rẹ̀ tó ń Lọ Aṣọ Alákòóso Àgbà

Ìfura loògùn àgbà. Èmi ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn náà. Télọ̀ ni mí. Ojú fèrèsé ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, ní yàrá iwájú nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kò sì sí ẹsẹ̀ tó wọ àdúgbò wa tí n kò mọ ẹni tó ni ín. Bí ọkùnrin kan bá dúró nídìí òpó iná lódìkejì, tó ń ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe fóònù ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Ìwọ yìí, bí ẹyẹ bá bà sórí òrùlé, wàá ní wọ́n rán an wá ni." Èmi náà á ní, ṣé ẹyẹ yẹn ti sọ ẹni tó rán an ni?

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí bó ṣe ń wakọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń kó dígí fèrèsé láti ilé iṣẹ́ lọ síbi tí àwọn bíríkìlà ti ń kọ́lé, ẹni tó bá sì fi dígí kọ́ iṣẹ́ awakọ̀, ẹ mọ̀ pé kò ní sáré já sí kòtò. Nígbà tí ìjọba gbà á síṣẹ́, àwọn akọ̀wé kéékèèké ló ń gbé kiri. Ọjọ́ kan ni ọkọ̀ Ààrẹ dákú lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ wá gbé wọn. Kí wọ́n tó délé, Ààrẹ ti sùn lọ fọnfọn. Ọkùnrin tó ti ń wá oorun láti ọjọ́ tó ti gorí àléfà! Láti ọjọ́ náà ló ti sọ pé ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ wa òun mọ́. Bí ara Jẹ́jẹ́ ò bá yá, Ààrẹ ò jáde. Gbogbo ilé ìjọba ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń rín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, aṣọ ló ń lọ nílé ìjọba kan náà. Nígbà tí wọ́n pàdé, yàrá ìfọṣọ kan ṣoṣo ni Ààrẹ àti Alákòóso Àgbà jọ ń lò. Jẹ́jẹ́ kó aṣọ ìjókòó ọkọ̀ wá fún fífọ̀. Kò pẹ́, ó tún kó o wá. Kò pẹ́ náà, ó tún gbé e dé. Ẹ̀gbọ́n mi yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀gá, ìdọ̀tí wo ló wà lára èyí?" Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ ṣáà bá mi wá a, ó wà níbẹ̀." Bí wọ́n ṣe di tọkọtaya nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ti lọ́kọ, ó wà lọ́nà jíjìn. Èmi àbúrò ìyàwó ni mo kù lọ́dọ̀ wọn, èmi àti ẹ̀rọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjọba wọn ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Olórí méjì ni wọ́n ní. Ààrẹ, gbogbo ìlú ló dìbò yàn án. Òun ló ń pàṣẹ fún ológun, òun ló ń bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sọ̀rọ̀, òun ló sì ń buwọ́ lu òfin. Alákòóso Àgbà ní tirẹ̀, inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ti wá. Ẹgbẹ́ tó bá pọ̀ jù nínú ilé náà ló ń fà á kalẹ̀, Ààrẹ á sì yàn án, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Òun ló ń darí àwọn mínísítà, ọ̀nà, iléèwé, ilé ìwòsàn, gbogbo làálàá ojoojúmọ́. Ààrẹ ò lè lé e, àfi ilé aṣòfin. Ṣùgbọ́n Ààrẹ lè tú ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ ká, kí wọ́n lọ tún ìbò dì. Àmọ́ bí ilé bá ti jókòó lórí ètò ìṣúná, ìwé òfin ní kó má fọwọ́ kàn wọ́n títí wọ́n á fi parí. Àwọn tó ṣe òfin náà ní ó ní ìdí, kí ẹnì kan má baà sọ ara rẹ̀ di ọba lé wa lórí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àgbò méjì kì í mumi nínú akoto kan.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kan náà ló ni àwọn méjèèjì, kò sí wàhálà. Alákòóso ìgbà náà, ọmọ iṣẹ́ Ààrẹ ni. Ààrẹ wúkọ́, òun ló ń wá omi. Nígbà tó yá, ìdìbò ilé aṣòfin dé, ẹgbẹ́ alátakò gbá wọn mọ́lẹ̀ gbàgà, Ààrẹ sì fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹni tó ti ń bú u láti àárọ̀ ọjọ́. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà, ẹ̀rín eyín lásán ni wọ́n ń rín síra wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn tó wà láàárín àgbàlá méjèèjì. Wọ́n pín yàrá ìfọṣọ. Wọ́n pín ibi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí. Kódà igi tó wà láàárín, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí yóò máa gbá ewé rẹ̀, títí ewé fi ga dé orókùn. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sápá Alákòóso, ọkọ rẹ̀ wà lápá Ààrẹ. Wọ́n á jọ jí lórí bẹ́ẹ̀dì kan, wọ́n á wá gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé iṣẹ́.

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ wọ ilé yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Wọ́n sì pa á mọ́. Mo lè jẹ́rìí, nítorí mò ń fetí sí wọn. Kì í ṣe pé mo gbà wọ́n gbọ́ tẹ́lẹ̀. Òrùlé tó ń jò ni wọ́n ń sọ, ẹ̀rọ omi tí kò pa dáadáa, ọmọ wọn tí kì í tètè pe fóònù. Ọ̀rọ̀ ìjọba? Rárá. Bí wọ́n bá ń fi Ààrẹ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi á dìde lọ wo ìkòkò. Bí ó bá kan Alákòóso, Jẹ́jẹ́ á ní ojú ń dun òun.

Ní gbogbo apá Alákòóso yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló wù mí, ìyẹn akọ̀wé rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá wọn kọ́tìnnì níbẹ̀ nígbà kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ láàárọ̀. Ṣé ẹ rí àwọn òṣìṣẹ́ tó kù, ojú wọn le bí ojú alágbàtà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé yìí jáde síta, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé a jí dáadáa? Bàbá ilé ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n wà dáadáa o."

"Ṣé wọ́n ti jáde ni?"

"Rárá o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wẹ̀ ni."

"Ẹ bá mi kí wọn o, mà. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wọn lójú ọ̀nà."

Ó kí èmi náà, ó bi mí léèrè ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo ní sínú mi pé ẹni tí wọ́n kọ́ nílé nìyí. Gbogbo àwọn tó kù níbẹ̀ ni mo fura sí, títí kan ológbò wọn.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rí bákan. Alákòóso fẹ́ yọ́ lọ bá orílẹ̀-èdè aládùúgbò kan sọ̀rọ̀ ẹnubodè, ohun tó jẹ́ ti Ààrẹ nínú ìwé òfin. Ó dé ibẹ̀, ó bá aṣojú Ààrẹ tó ti jókòó tó ń mu kọfí. Ó kù díẹ̀ kó dákú. Ta ló sọ? Nígbà tó ṣe, ó tún kan Ààrẹ náà. Ààrẹ pinnu láti tú ilé aṣòfin ká. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ wá gbé òun kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n gbé e síta lọ́sàn-án. Ẹ gbà mí o! Kí ọ̀sán tó pọ́n, ilé aṣòfin ti pé jọ ṣámúṣámú, àwọn mìíràn ò tíì fọnu, wọ́n ti jókòó lórí ètò ìṣúná. Ìwé òfin ti di Ààrẹ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ sínú ẹ̀rọ di ohun tí wọ́n gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ náà wá sílé wa. Bàtà Dídán ni mo ń pè é, nítorí bàtà rẹ̀ ń dán débi pé o lè fi í ṣe dígí di gèlè. Orí àga àwọn oníbàárà mi ló jókòó sí, ó tẹ aṣọ ìyàwó kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ dúró níwájú rẹ̀. Èmi ń ran aṣọ lọ, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹ̀rọ pariwo.

Bàtà Dídán ní, "Ilé kan ṣoṣo ló wà nílùú yìí tí ènìyàn Ààrẹ àti ènìyàn Alákòóso ti ń sùn pọ̀. Ṣé o mọ ilé náà?"

Jẹ́jẹ́ ní, "Ọ̀gá, mi ò sọ nǹkan kan fún ìyàwó mi rí."

"Mo gbọ́. Àmọ́ Ààrẹ ò lè máa wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ lójoojúmọ́ kó máa ṣiyèméjì. Kí ìyàwó rẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí olúkúlùkù máa gbé ibi tirẹ̀, tàbí kí ìwọ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ronú sí i. Mo ń bọ̀ wá gbọ́ èsì lópin ọ̀sẹ̀."

Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ńkọ́ ná? Ṣé wọ́n ti jáde tipẹ́?"

Jẹ́jẹ́ ní, "Láti àárọ̀ kùtù ni, ọ̀gá. Wọ́n ní aṣọ pọ̀."

"Aṣọ pọ̀. Ó dáa. Ẹ bá mi kí wọn o."

Bó ṣe jáde lọ, mo fi omi nu àga mi.

Ẹ̀yin ará, ilé wa dàrú lọ́sẹ̀ náà. Ẹ mọ̀ pé ìfura dà bí eku, o kì í rí i, ṣùgbọ́n o máa rí ibi tó ti jẹ. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ti báàgì rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Jẹ́jẹ́ yọ́ wọ yàrá mi, ó ní, "Àbúrò, má bínú o, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí mi ò bá sí nílé?" Kò tíì jáde tán tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé. "Ṣé ọkọ mi máa ń yẹ aṣọ iṣẹ́ mi wò?" Mo ní kí ẹ̀yin méjèèjì kúrò lọ́rùn mi! Ló bá di pé àwọn méjèèjì ń wo èmi. Èmi? Èmi tí n kò mọ̀ ju abẹ́rẹ́ àti òwú lọ! Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ mu ọyàn kan náà, ó wò mí lójú, ó ní, "Ìwọ náà lo ń jókòó sójú fèrèsé látàárọ̀." Inú bí mi. Mo pa oúnjẹ tì. Ṣùgbọ́n èmi náà ń ronú. Mo fura sí mẹkáníìkì tó wà lódìkejì, mo fura sí ẹni tó ń ka mítà iná, mo fura sí oníbàárà mi kan tó ní kí n tún aṣọ rẹ̀ ṣe, tí aṣọ náà ò sì ní àbùkù kankan.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn tọkọtaya náà wọ̀yá ìjà nínú yàrá wọn. Ògiri wa fẹ́lẹ́, mi ò tiẹ̀ ní láti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ bi mí léèrè tààrà. Ẹ yéé wò mí bíi kọ́sítọ́ọ̀mù."

Jẹ́jẹ́ ní, "Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́. Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi kọ́."

Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí Jẹ́jẹ́ ní, "Ọkọ̀ pọ̀ láyé. Ìyàwó mi ò pọ̀. Màá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún díẹ̀ lódìkejì ògiri, kò sí ohun tí mo lè fi pamọ́ níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé Bàtà Dídán lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ní ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ọkọ̀, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ wọlé, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Wọn ò fẹ́ kí ariwo rẹ̀ ta títí wọ́n á fi rí awakọ̀ tuntun. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ pé mo wà nílé. Má sọ jù bẹ́ẹ̀."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, akọ̀wé elérìn-ín pàdé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàárọ̀ mà. Bàbá ilé ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jáde?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá o, wọ́n wà nílé." Lọ́jọ́ kejì, ó tún kí i. "Wọ́n wà nílé o." Lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Ṣé kò sí o, mà? Ṣé ara le?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ara le. Wọn ò kàn jáde ni." Kò fi kún un, kò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ta ni yóò kí ọ, tí o ò ní dá a lóhùn? Àfi bí a ò bá bí ọ re.

Èmi wà nídìí ẹ̀rọ mi ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn, ni mo rí Alákòóso Àgbà tó dìde nínú ilé aṣòfin. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló lọ̀ ọ́. Ó fajú ro. Ó ní ìròyìn tó ba ni nínú jẹ́ ti tẹ òun lọ́wọ́ láti ibi tó dájú, pé ara Ààrẹ ò yá, kò lè jáde nílé mọ́, àti pé ìwé òfin ní bí Ààrẹ ò bá lè ṣiṣẹ́, Alákòóso Àgbà ni yóò máa di ipò náà mú. Ó ní kí ilé jọ̀wọ́ fọwọ́ sí i. Àwọn kan ti ń nu ojú. Mo pariwo pe Jẹ́jẹ́ láti yàrá, ó wá dúró lẹ́yìn mi, aṣọ ìnura lọ́rùn rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ilé aṣòfin ṣí gbàgà. Ààrẹ ló ń bọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn, ara rẹ̀ le koko. Ó dé iwájú Alákòóso, ó dúró. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, wọ́n ní mo ń ṣàìsàn. Ta ló sọ fún ọ?"

Kí ni yóò sọ? Ṣé yóò ní ìyàwó awakọ̀ ló sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń kí i láàárọ̀? Akọ̀wé rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn ń wo ilẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló dìbò yọ ọ́ nípò, wọ́n ní ó ti kó ìtìjú bá àwọn. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Jẹ́jẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àpò rẹ̀ lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Wọ́n ti lé e. Ó ní akọ̀wé náà nawọ́ sí òun lójú gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé ní, "Ìwọ lo tàn wá jẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ni mo sọ fún yín rí?"

"O sọ pé ọkọ rẹ ò jáde."

"Ṣé wọ́n jáde ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti là sí wa. A jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ń ṣírò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ààrẹ lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi ti dá akọ̀wé lóhùn pé, "Wọ́n ti jáde kí n tó jí." Jẹ́jẹ́ kì í jáde ní ìdájí láìnídìí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé Ààrẹ ní nǹkan lábẹ́ aṣọ. Háà! Jẹ́jẹ́ gbé orí sókè. Ó ní Bàtà Dídán náà kì í gbàgbé láti kí òun: ìyàwó ńkọ́, ṣé wọ́n sinmi? Lópin ọ̀sẹ̀ tí Alákòóso fẹ́ yọ́ lọ sí ẹnubodè, òun ti dáhùn pé, "Rárá o, wọ́n ní kí wọ́n wá lọ aṣọ ìrìn-àjò." A pa ọ̀rọ̀ ìjọba tì nínú ilé, a ti ẹnu pa, a ti àpò pa. Ìkíni ni a fi kó gbogbo rẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rín in lọ́wọ́ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Bàtà Dídán ni. Kò jókòó. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mì ín. "Jẹ́jẹ́, ó tó gẹ́ẹ́. Padà sídìí ọkọ̀ rẹ. Láti àná, awakọ̀ tuntun yẹn ti fi Ààrẹ já gbogbo kòtò ìlú yìí tán." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìyàwó, Ààrẹ ní kí n kí yín. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ṣe yẹn, ọgbọ́n ńlá ni. Kò sí ẹni tó lè rò pé ẹ ti forí korí."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ó yíjú díẹ̀díẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. "Má sọ jù bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ronú, mo mọ̀, nítorí òun ni èmi náà ń ronú.

Ó ní, "Ẹ mọ̀ sí i?"

"Mi ò mọ̀. Mo fi orí ara mi búra."

"Ta ló ní kí ẹ sọ fún mi pé kí n má sọ jù bẹ́ẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ nawọ́ sí Bàtà Dídán. "Òun ni. Ó ní kí ariwo má ta."

Bàtà Dídán rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wù mí kí n fi abẹ́rẹ́ mi gún un. Jẹ́jẹ́ wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ọdún mélòó ni ó ti fi ọwọ́ dì í mú! Ó ní, "Ẹ bá mi kí Ààrẹ. Ẹ ní mo dúpẹ́. Mi ò ní padà wá mọ́." Bàtà Dídán gbé kọ́kọ́rọ́ náà sápò, ó ní àwọn á máa retí rẹ̀, ó sì lọ.

Dígí ni Jẹ́jẹ́ ń kó báyìí, bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣòfin ti fa Alákòóso mìíràn kalẹ̀, inú ẹgbẹ́ kan náà ló ti wá, òun àti Ààrẹ sì ti ń rẹ́rìn-ín eyín síra wọn níwájú kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi lọ aṣọ àwọn oníbàárà mi, wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. A ń jẹun pọ̀. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé Jẹ́jẹ́ mọ̀ sí i, mi ò mọ̀. Mo ti wo ojú rẹ̀ títí. Ọkùnrin tó bá lè wa ẹrù dígí kọjá ọ̀nà wa láìfọ́ ọ̀kan, ó lè di ohunkóhun mọ́ra. Ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ.

Láàárọ̀ àná, mo ń ki òwú bọ ẹ̀rọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde láti yàrá, ó gbé áyọ́ọ̀nù ka iná. Jẹ́jẹ́ ti múra iṣẹ́, ó ń di okùn bàtà rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí i, bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tó ti ń kó aṣọ ìjókòó tí kò dọ̀tí wá.

Ó ní, "Ṣé o sùn dáadáa?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó wo fèrèsé. Ó tún wò ó.

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"